Ọlọ́run ní ká jọba lórí ilẹ̀, àbí ó ní ká ṣọ́ ọ?

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ìjọ wa láti bí oṣù méjì. Igi máńgòrò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa, àwọn àgbà tó dá ìjọ sílẹ̀ ló gbìn ín. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Wọ́n gé e lulẹ̀ kí ọkọ̀ lè ráyè dúró. Ìyá àgbà kan ní ohun tí wọ́n ṣe yẹn kò dáa, ni alàgbà kan bá ṣí Jẹ́nẹ́sísì 1:28, ó ka "kí ẹ sì ṣe ìkáwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa jọba", ó ní Ọlọ́run ti fi igi sábẹ́ wa, pé ẹni tó bá ń sunkún igi ń bọ òrìṣà ni. Kò sẹ́ni tó tún lanu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì wí lóòótọ́? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni gígé igi, àbí àwa la kàn ń da ara wa láàmú?

* * *

Gígé igi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Igi kédárì Lẹ́bánónì ni Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ńpìlì.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ alàgbà yẹn ni pé ó ka ẹsẹ kan tán, ó pa ìwé dé. Ká ní ó ṣí i sí orí kejì ni, ì bá bá 2:15 pàdé: Olúwa Ọlọ́run mú ọkùnrin náà, ó sì fi í sínú ọgbà Édẹ́nì "láti máa ro ó, àti láti máa ṣọ́ ọ". Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ro kò ṣòro fún wa, a ti ń ro látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ṣọ́ ni a jù sílẹ̀.

Èyí tó sì pe ẹni tó ń sunkún igi ní abọ̀rìṣà, kò yẹ kó ti ẹnu alàgbà jáde. Ìyá yẹn kò bọ igi. Ó rántí ọwọ́ tó gbìn ín ni.

* * *

Ìdáhùn ti pọ̀ láti àná, mo sì ti ka gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wà lẹ́yìn alàgbà: jọba ni jọba ń jẹ́, ọba kì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn olùtúmọ̀ ló ṣì í, pé ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ kò ju "tọ́jú" lọ. Arákùnrin kan tó ń gbé ní London wá ní Bíbélì fúnra rẹ̀ ló fa wàhálà. Ó tọ́ka sí Lynn White, òpìtàn ará Amẹ́ríkà tó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 1967, tó ní ẹ̀kọ́ pé torí èèyàn ni a ṣe dá gbogbo nǹkan ló jẹ́ kí àwọn Kristẹni ìhà ìwọ̀-oòrùn máa lo ayé bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní bi wọ́n léèrè.

Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n tú sí "ṣe ìkáwọ́" le. Kabash ni. Òun ni Jóṣúà 18:1 lò fún ilẹ̀ tí ogun ti ṣẹ́gun. Òun ni Jeremáyà lò ní orí 34 fún àwọn olówó tó dá ẹrú sílẹ̀, tí wọ́n tún fi ipá mú wọn padà. Ẹni tó bá ní kabash kò ju ìtọ́jú lọ ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni, inú rere yòówù tó fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àwọn tó ń dáko lórí òkè Jùdéà ni, ibi tí òkúta pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbin àjàrà tàbí ólífì níbẹ̀ yóò ṣa òkúta, yóò fi wọ́n mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìpele-ìpele kí òjò má bàa gbá ìwọ̀nba erùpẹ̀ tó wà lọ. Irú rẹ̀ ṣì wà ní Battir, abúlé àwọn ará Palẹstínì kan nítòsí Jerúsálẹ́mù tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2014. Ìdílé mẹ́jọ ló ń pín omi ìsun ibẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, débi pé wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀sẹ̀ Battir. Lójú tèmi, ògiri yẹn ni kabash. Ó ń ṣẹ́ni lẹ́yìn, ó ń bó ọwọ́, síbẹ̀ erùpẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀.

Radah ni "jọba". Ẹ wo ibòmíràn tó ti jáde. Nínú Léfítíkù 25:43, Ọlọ́run ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ líle jọba lórí arákùnrin rẹ̀ tí òṣì mú ta ara rẹ̀. Nínú Ìsíkíẹ́lì 34:4, Ó ń bínú sí àwọn olùṣọ́-àgùntàn tó fi ipá àti ìkà jọba lórí agbo. Sáàmù 72 lo radah kan náà fún ọba rere, ẹni tó ń gba aláìní, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí òjò sórí koríko tí a ti gé. Radah nìkan kò sọ irú ìjọba tí yóò jẹ́. Ọwọ́ ẹni tó jókòó sórí àga ni ìyẹn wà.

Arákùnrin wa ti London, White rí nǹkan kan lóòótọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ka ẹsẹ yẹn bí alàgbà ṣe kà á. Ṣùgbọ́n òun náà kò sọ pé ká ju ẹ̀sìn nù. Francis ti Assisi, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, ló nawọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a lè wò fi ṣe àpẹẹrẹ, Póòpù John Paul Kejì sì sọ Francis yìí di alábòójútó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí àyíká lọ́dún 1979.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí Ọlọ́run fi kọ́kọ́ sọ "ní àwòrán wa" kó tó dé orí ìjọba.

Lọ́dún 1979, ní Tell Fekheriye ní ilẹ̀ Síríà, wọ́n rí ère aláṣẹ kan tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún 9 ṣáájú ìbí Kristi. Àkọlé Árámáíkì tó wà lára rẹ̀ lo ọ̀rọ̀ méjì tó bá "àwòrán" àti "ìrí" inú Jẹ́nẹ́sísì tan gan-an. Ère ló ń dúró fún ẹni tó gbé e kalẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò sí.

Àwọn baba wa ní irú rẹ̀, àmọ́ èèyàn ẹlẹ́ran-ara ni tiwọn: ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ kò ni ìlú. Ẹni tó rán an ló ń ṣojú fún. Nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn gbàgbé èyí ní ilẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n ń gba oko olóko, tí wọ́n ń gba aya aláya, ara ohun tó bí ogun Kírìjì nìyẹn, ogun tí kò parí pátápátá títí di 1893. Ibi tí mo rò pé èèyàn wà nínú Jẹ́nẹ́sísì nìyẹn. Ajẹ́lẹ̀ ni wá. Léfítíkù 25:23 là á mọ́lẹ̀ pé "tèmi ni ilẹ̀", ó ní àlejò àti àtìpó ni àwa.

Ẹ sì fi ìtàn wa wé Atrahasis, ìtàn àwọn ará Bábílónì. Níbẹ̀, ó rẹ àwọn òrìṣà kéékèèké fún wíwa ipadò, wọ́n sì dá èèyàn kó lè gba ẹrù náà lórí wọn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 2:8, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbin ọgbà. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe lọ́wọ́ ló pe èèyàn sí.

* * *

"Ọ̀rọ̀ ìwé ti pọ̀ jù. Ṣé ẹ ti mú ọkọ́ rí?"

Mo ti mú ọkọ́. Mo sì ti gbé pọ́ǹpù kẹ́míkà kọ́yìn.

Ilẹ̀ bàbá mi kò ju éékà méjì lọ, ó dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ wá sí etí odò. Bàbá mi fi ọkọ́ ro ó títí ó fi kú. Koríko tó bá ro, orí ilẹ̀ náà ló ń tẹ́ ẹ sí, á bo ebè mọ́lẹ̀. Àwọn igi tó wà létí odò, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tó kàn mí, iṣẹ́ ìlú kò jẹ́ kí n ráyè, ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ń dé oko. Mo fín kẹ́míkà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà òjò kan. Mo gé igi etí odò kí àgbàdo lè pọ̀ sí i. Lọ́dún àkọ́kọ́, àgbàdo náà yọ ọmọ méjì-méjì. Mo ń fọ́nnu káàkiri.

Lọ́dún kẹta, òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú Sátidé. Nígbà tí mo débẹ̀, àgbàrá ti la ọ̀nà láti òkè oko dé odò, mo wọ inú rẹ̀, ó mù mí dé orúnkún. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun fẹ́ wa ekòló tí òun fi máa dẹ ìwọ̀. A wa ilẹ̀ níbi mẹ́rin, ẹyọ kan péré la rí. Ilẹ̀ náà le, ọkọ́ ń dún lórí rẹ̀ bí ẹni ń lu páànù. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí ọmọ yẹn, bí mo bá fi ọkọ́ kọ ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ekòló á máa jà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mo ro ó lóòótọ́. Mi ò ṣọ́ ọ.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń fín kẹ́míkà ló jẹ̀bi. Mo mọ iye tí alágbàṣe ń gbà lónìí, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn kò rí ẹni bẹ̀ lọ́wẹ̀ mọ́. Igi etí odò yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi, torí kò sẹ́ni tó fipá mú mi.

* * *

Arábìnrin kan béèrè ìbéèrè tí mo ti ń retí: ṣọ́ kí, lọ́wọ́ ta? Olè wo ló wà nínú ọgbà Édẹ́nì?

Shamar ni ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀. Òun ló wà nínú ìbùkún àwọn àlùfáà, Nọ́ńbà 6:24, "kí ó sì pa ọ́ mọ́". Òun ló wà nínú Sáàmù 121, níbi tí wọ́n ti ní ẹni tó ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, kì í sì í sùn. Avad tó ṣìkejì rẹ̀, tí Bíbélì Ajàyí Crowther tú sí "ro", ni wọ́n tún ń lò fún sísin Ọlọ́run. Nọ́ńbà 3 so àwọn méjèèjì pọ̀ fún àwọn ọmọ Léfì tó ń ṣiṣẹ́ nínú àgọ́: kí wọ́n máa ṣọ́, kí wọ́n sì máa sìn. Ẹni tó kọ Jẹ́nẹ́sísì fi ọkọ́ lé Ádámù lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi iṣẹ́ àlùfáà lé e lọ́wọ́.

Ní ti olè, ẹ ka ìtàn náà dé òpin. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí wọ́n má jẹ. Ejò sọ̀rọ̀, àmọ́ ejò kò já èso. Ọwọ́ tó yẹ kó ṣọ́ ọgbà ló já a. Ẹ wá wo 3:24: lẹ́yìn tí wọ́n ti lé èèyàn jáde, Ọlọ́run fi kérúbù àti idà oníná síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ̀nà igi ìyè. Shamar yẹn kan náà ni. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, ọlọ́dẹ tẹ́lẹ̀ sì di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ọgbà nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò lè ka ìwé mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Kò tán síbẹ̀. Ní orí kẹrin, wọ́n ní Kéènì ń ro ilẹ̀, avad ni. Ó pa Ábẹ́lì, Ọlọ́run bi í léèrè, ó fèsì pé "èmi í ṣe olùtọ́jú arákùnrin mi bí?" Nínú Bíbélì wa, "olùtọ́jú" bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ohun tó sọ ní Hébérù ni pé, ṣé èmi ni olùṣọ́ rẹ̀ ni? Ó gbà láti ro, ó kọ̀ láti ṣọ́. Ilẹ̀ tó la ẹnu gba ẹ̀jẹ̀ náà ni kò gbà láti so èso fún un mọ́.

* * *

Sí ẹni tó ní igbó tí a kò lò, ìfiṣòfò ni: Jóòbù 38:26. Ọlọ́run ń rọ òjò sórí ilẹ̀ tí èèyàn kò sí. Kò béèrè lọ́wọ́ Jóòbù pé kí ló fẹ́ gbìn síbẹ̀.

Sí ẹni tó ń bi mí nípa ẹran jíjẹ: ewéko àti èso ni Jẹ́nẹ́sísì 1:29 fún èèyàn, 9:3 ló wá fàyè gba ẹran lẹ́yìn ìkún-omi. Nínú orí kẹsàn-án yẹn kan náà, májẹ̀mú òṣùmàrè kò bá Nóà nìkan dá, ó kan ẹyẹ, ẹran ọ̀sìn àti ẹranko ìgbẹ́. Ẹ jẹ ẹran yín, àmọ́ ẹ rántí ẹni tí ẹ jọ wà nínú májẹ̀mú.

* * *

"Èyí dáa fún ìwàásù, kò wúlò lóko." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Bíbélì fúnra rẹ̀.

Ní àríwá Ísírẹ́lì, àfonífojì kan wà tó ń jẹ́ Hula, odò Jọ́dánì gbà á kọjá kó tó dé Òkun Gálílì. Adágún àti àbàtà ni tẹ́lẹ̀, ó kún fún ẹja, ẹyẹ àti koríko omi. Láti 1951 sí 1958, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò burú: wọ́n fẹ́ ilẹ̀ oko, ẹ̀fọn inú àbàtà náà sì ti fi ibà pa èèyàn fún ìgbà pípẹ́. Ìkáwọ́ gidi ni, ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ àbàtà yẹn, ewéko tó ti jẹrà láti ọdún gbọọrọ ni. Nígbà tí omi kúrò lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, iná ń ràn lábẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ náà ń rì. Atẹ́gùn ń gbé e lọ bí eérú. Àwọn oúnjẹ ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá omi ṣàn lọ sínú Òkun Gálílì, níbi tí orílẹ̀-èdè náà ti ń bu omi mu, ó sì di ohun tó ń ba omi jẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1994, wọ́n dá omi padà sórí apá kan. Adágún kékeré tó jáde níbẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn láti Yúróòpù ń bà sí nígbà òtútù. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà tí kò sí níbòmíràn láyé, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1996 pé ó ti run. Lọ́dún 2011, wọ́n rí i nínú igbó Hula tí ìjọba ń dáàbò bò, ó wà láàyè.

Àwọn tó tún omi dá padà síbẹ̀ kò lé àgbẹ̀ kúrò. Oko ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún náà. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ yẹn kò ṣeé ro bí kò bá sí omi tí ń ṣọ́ ọ. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni tó ní kò wúlò lóko.

* * *

Ká padà sórí igi máńgòrò, torí àwọn méjì ti ń bínú pé mo sá fún un.

Deutarónómì 20:19 ni òfin tó sún mọ́ ọ jù. Bí ogun bá dó ti ìlú kan, ẹ kò gbọdọ̀ gbé àáké ti igi tó ń so èso ibẹ̀. Igi tí kì í so èso, ẹ lè gé e ṣe ohun ìjà. Nínú ogun ni o, nígbà tí gbogbo èèyàn gbà pé kò sí ohun tí a kò lè ṣe! Àwọn amòye Júù jiyàn lórí ẹsẹ yìí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Nínú Talmud, àkójọ ìjíròrò àwọn rábì àtijọ́ lórí òfin, wọ́n ní ọ̀pẹ tó bá ṣì ń so ìwọ̀n èso kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kav, ẹ kò gbọdọ̀ gé e. Rábì Hanina ní ọmọ òun Shivhat kò kú nítorí nǹkan mìíràn bí kò ṣe pé ó gé igi ọ̀pọ̀tọ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó. Mi ò lè gba ọ̀rọ̀ ikú yẹn wọlé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí bàbá tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣe wo igi. Maimonides, amòye Júù ọ̀rúndún kejìlá, fẹ òfin náà dé orí aṣọ, ohun èlò ilé àti oúnjẹ: kí ẹnikẹ́ni má ba nǹkan jẹ́ lásán.

Ṣùgbọ́n wọ́n gba àyè pẹ̀lú. Bí igi bá ń ṣe ohun mìíràn ní jàǹbá, tàbí tí pákó rẹ̀ bá níye lórí ju èso rẹ̀ lọ, ẹ lè gé e. Àwọn rábì kan lẹ́yìn náà ní bí èèyàn bá nílò àyè ibẹ̀, ó lè gé e. Èyí túmọ̀ sí pé alàgbà yín lè rí ẹni gbè é lẹ́yìn, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n nílò àyè yẹn lóòótọ́. Ìbéèrè tí mo ní fún un nìyí: ẹ wọn gbogbo ọgbà yẹn wò kí ẹ tó mú ẹ̀rọ ìlagi? Ẹ ṣírò iye wákàtí tí ọkọ̀ ń dúró níbẹ̀ lọ́sẹ̀? Ẹ bi ìyá àgbà yẹn léèrè kí igi tó wó, àbí lẹ́yìn tó ti wó?

Ẹnìkan ní bí ẹ̀ka gbígbẹ bá ti ń já sórí ọmọdé ńkọ́. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ gé e kíákíá, ọmọ ni ẹ ń ṣọ́. Àmọ́ nínú ohun tí arákùnrin wa kọ, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀ka já.

* * *

Èyí tó le jù dé láti ọwọ́ ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó kà á níbì kan pé Bíbélì ní kí ilẹ̀ máa sinmi lọ́dún keje, ó wá kọ ọ́ pé: "Ilẹ̀ lè sinmi. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í sinmi. Kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ?"

Ìbéèrè yìí wà nínú Léfítíkù 25:20 gan-an: "Kí ni àwa yóò jẹ ní ọdún keje?" Òfin náà kò bú ẹni tó béèrè. Ó ṣèlérí ìkórè ọdún kẹfà. Ohun tó bá sì hù fúnra rẹ̀ lọ́dún keje, Ẹ́kísódù 23:11 ní ti tálákà ni, ohun tí wọ́n bá ṣẹ́kù di ti ẹranko ìgbẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníwàásù kì í sọ ni pé Deutarónómì 15 dárí gbèsè jini ní ọdún keje pẹ̀lú. Ilẹ̀ sinmi, gbèsè náà sinmi. Ẹni tó ń sọ fún àgbẹ̀ ayálẹ̀ pé kó jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi, tó tún ń gba ìṣákọ́lẹ̀ pé pérépéré, ìlàjì òfin ló kà.

Àwọn Júù pàápàá kò rí i ṣe wẹ́rẹ́. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ilẹ̀ náà, tí ọdún ìsinmi 1889 ń bọ̀, àwọn rábì kan ní kí wọ́n ta ilẹ̀ náà fún ẹni tí kì í ṣe Júù fún ọdún yẹn kí iṣẹ́ lè máa lọ. Rábì Kook tún fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún ọdún 1909 sí 1910. Àwọn mìíràn ta kò ó, wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀ nígbà tí ọdún ìsinmi 2021 sí 2022 dé. Mi ò ní pè é ní àgàbàgebè. Ebi ń bẹ níwájú àwọn èèyàn yẹn. Ṣùgbọ́n 2 Kíróníkà 36:21 kò kúrò nínú ìwé: nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sí Bábílónì, ilẹ̀ náà sinmi fún 70 ọdún, ó gba gbogbo ìsinmi tí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní tiyín, ará mi, ẹ má dá gbogbo oko dúró. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ lọ́dún kan, ẹ gbin òtílì síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ máa já bọ́ sórí ilẹ̀. Ẹ óò rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀, ilẹ̀ náà yóò sì rí jẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ mú igun mìíràn. Bí mo ṣe ń ṣe ilẹ̀ bàbá mi nìyẹn láti ọdún mẹ́rin. Ekòló ti ń padà, díẹ̀díẹ̀.

* * *

Kí n yà díẹ̀. Ní 2:19, Ọlọ́run kó ẹranko wá síwájú èèyàn kó lè sọ wọ́n lórúkọ. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ní kí wọ́n sọ orúkọ igi tí wọ́n bá rí. Wọ́n mọ máńgòrò, ọ̀pẹ àti àgbọn. Ayúnrẹ́ wà níbẹ̀, arère wà níbẹ̀, "igi" lásán ni wọ́n pè wọ́n. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló mọ ìrókò, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ohun tí èèyàn kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí ó bá sọnù?

* * *

Arákùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti padà wá. Ó ní òun ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà yẹn, ìyá sì bú sẹ́kún. Ó ní alàgbà náà kà á, kò fèsì, ṣùgbọ́n ó béèrè ohun tí ìjọ lè ṣe báyìí. Ó tún ní kùkùté igi náà ti ń yọ ọ̀mùnú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun kan wá láti Ethiopia. Ní àríwá ibẹ̀, ní Gondar Gúúsù, igbó kékeré máa ń yí ṣọ́ọ̀ṣì Orthodox Tewahedo ká. Oko àti ilẹ̀ gbalasa ló yí igbó náà ká, àwọn igi ìbílẹ̀ tó ti tán níbòmíràn sì kù sínú rẹ̀. Lójú àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀, àpẹẹrẹ ọgbà Édẹ́nì ni igbó yẹn. Síbẹ̀ màlúù ń wọ ibẹ̀ jẹ igi kéékèèké. Onímọ̀ igbó ará Ethiopia kan, Alemayehu Wassie, àti ará Amẹ́ríkà kan, Meg Lowman, bá àwọn àlùfáà jókòó. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé kí àwọn ará ìjọ ṣa òkúta inú oko wọn, kí wọ́n fi mọ ògiri yí igbó ká. Oko rí ààyè sí i, igbó rí ògiri. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, wọn ò retí ẹ̀rọ kankan. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni ògiri Battir àti ògiri yìí ti jọ ń dúró lójú mi.

Nítorí náà, kùkùté yín. Ẹ má da kẹ́míkà sí i, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da sìmẹ́ńtì bò ó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀mùnú náà ga tó apá kan, kí ẹ wá mú méjì tó tọ́ jù, tí wọ́n ti ìdí yọ lápá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gé ìyókù. Bí ó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ wá ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún tàbí páànù àlòkù, ẹ fi yí i ká kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ mẹ́ta, nítorí ewúrẹ́. Ọkọ̀ méjì ni kò ní ráyè dúró níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ kíláàsì máa bu omi sí i lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó kàn sára ògiri. Bí alàgbà bá gbà, kí orúkọ tirẹ̀ wà lókè.